Ẹ́ńjìnnì ń mísì, ọ́ìlì tún ń jò: ẹ kọ́kọ́ wo ihò púlọ́ọ̀gì

Mọ́tò tó ti dàgbà lè bẹ̀rẹ̀ àìsàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dé bá. Ẹ gbé e dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, ẹ tẹ tọ́rọ́tù, ó ń fà tìkọ̀ tìkọ̀, iná check engine sì ń ṣẹ́jú. Níbi tí ẹ bá páàkì sí mọ́jú, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á dúdú. Ẹ pe rìwáyà, ó ní kọ́ìlì ni, ìyẹn ohun tó ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì, kí ẹ ra mẹ́rin. Ẹ pe mẹkáníìkì, ó ní ríìngì ti jẹ, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Àwọn méjèèjì lè má parọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ibi tí àìsàn méjèèjì ti pàdé.

Nínú mọ́tò tó ní kọ́ìlì lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, bíi Corolla ọdún 2003, rọ́bà tó gbó lókè ẹ́ńjìnnì lè da ọ́ìlì sílẹ̀ níta, kó sì tún dà á sínú ihò púlọ́ọ̀gì. Èyí tó wọ ihò ló ń bí mísì. Wíwo ihò yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, nítorí náà òun ló yẹ kó ṣáájú.

Kí ni mísì gan-an?

Ẹ wo ẹni mẹ́rin tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọrí odó ti ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ léra wọn, ìró rẹ̀ á dún geere. Bí ẹnì kan bá pa ipò tirẹ̀ jẹ, etí yín á gbọ́ ọ kí ojú yín tó rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin ṣe ń ṣiṣẹ́; sìlíńdà ni àyè tí epo ti ń jó. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, 1, 3, 4, 2 ni ètò wọn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan, ìgbà 400 ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jó epo láàárín ìṣẹ́jú náà. Èyí tó bá kọ̀ láti jó, àwọn mẹ́ta yòókù ló ń gbé e, ohun tó ń mú ara mọ́tò gbọ̀n nìyẹn.

Nǹkan mẹ́ta ni sìlíńdà ń fẹ́: iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, epo àti atẹ́gùn níwọ̀n tó yẹ, àti kọ́ńpúrẹ́ṣàn, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún atẹ́gùn náà pọ̀ kí iná tó ràn án. Ti iná ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Bí ọ́ìlì ṣe ń dé ihò

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ ike tó bo àárín ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó rí kọ́ìlì mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ní ọrùn gígùn tó wọ inú ihò jíjìn lọ, ìsàlẹ̀ ihò yẹn ni púlọ́ọ̀gì wà. Ìdérí tí àwọn ihò náà gbà kọjá ni tápẹ́ẹ̀tì kọ́bà, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọ́ìlì ti ń ta kiri ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà tó yí etí kọ́bà ká ni gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Rọ́bà mìíràn tún wà tó yí ẹnu ihò púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ká, kí ọ́ìlì má bàa ráàyè wọbẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì kan, ara gásíkẹ́ẹ̀tì ńlá ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́; nínú òmíràn, róbótó mẹ́rin ni, wọ́n dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; nínú àwọn mìíràn, inú kọ́bà fúnra rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ̀.

Ooru ń se rọ́bà yìí lọ́dọọdún títí yóò fi le gbagidi bí ike. Rọ́bà tó le kò lè rọ̀ mọ́ irin mọ́, ọ́ìlì á wá máa yọ́ kọjá díẹ̀díẹ̀. Èyí tó gba etí kọ́bà ló ń ṣàn wálẹ̀ tí ẹ ń rí lábẹ́ mọ́tò. Èyí tó gba ẹnu ihò, inú ihò ló ń gbá jọ sí, kò sì sẹ́ni tó ń rí i.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ́ìlì ló ń gbé iná sálọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tó mọ́ kì í gbé iná. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ba rọ́bà tó wà lẹ́nu kọ́ìlì jẹ́: rọ́bà á wú, á rọ̀, á sì la. Ọ́ìlì tó ti dúdú tún kó èédú àti ìdọ̀tí wá. Iná tí kọ́ìlì ń tú jáde lè ju fóltì 20,000 lọ, irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sì rin ọ̀nà jíjìn bí ti ìtòsí bá wà. Dípò kó fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, yóò gba ibi tí rọ́bà ti la bọ́ sára irin. Ẹ wo tánganran funfun tó wà lára púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀: ẹ lè rí ìlà dúdú kan tín-ín-rín níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi pẹ́ńsù fà á. Ipa ẹsẹ̀ iná tó ń sálọ nìyẹn. Tí ìlà náà bá ti fara hàn, nínu ún nù kò ṣe nǹkan kan, iná ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tuntun ni, pẹ̀lú rọ́bà ẹnu kọ́ìlì tuntun tàbí kọ́ìlì odindi.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Alumíníọ̀mù ni orí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì lè já tẹ̀ lé púlọ́ọ̀gì bí ẹ bá tú u nígbà tó gbóná. Sípánà 10 ló máa ń tú bóòtì kọ́ìlì. Ẹ tẹ ahọ́n ike tó di wáyà mú kí ẹ tó fà á, ẹ má fi agbára fà á, torí ike tó ti gbó tètè ń kán. Ẹ yí kọ́ìlì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, kí ẹ wá fà á sókè. Ẹ kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sìlíńdà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ fáànù bẹ́ẹ̀tì ni 1 nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò onísìlíńdà mẹ́rin. Bó bá jẹ́ mẹkáníìkì ló ń bá yín ṣe é, ẹ kàn sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n fojú ara mi rí i.” Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Tí ọrùn kọ́ìlì bá gbẹ, tó ní eruku díẹ̀, ó dára. Tó bá ń yọ̀ tí ọ́ìlì ń kán lára rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Nígbà mìíràn ọ́ìlì á ti bo púlọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀.

Ẹ má tíì tú púlọ́ọ̀gì yẹn o! Bó bá ti ṣí, gbogbo ọ́ìlì inú ihò á dà sórí písítìnì. Díẹ̀ kò burú, á jó dànù pẹ̀lú èéfín. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kì í ṣe atẹ́gùn, kò ṣeé fún pọ̀. Písítìnì tó bá pàdé èyí tó pọ̀ lè tẹ apá irin tó gbé e. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi họ́ọ̀sì tín-ín-rín sí lẹ́nu fa ọ́ìlì náà jáde, tàbí kí ẹ wé àkísà tó mọ́ mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ máa kì í bọ ibẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi sípánà púlọ́ọ̀gì tú u.

Ibi tí ọ́ìlì wà lára púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ fi ojú sí jù. Tó bá jẹ́ apá òkè, níbi tánganran, ló tutù, tí ẹnu tó ń tan iná nísàlẹ̀ gbẹ tó ní àwọ̀ bíi ti búrẹ́dì tí wọ́n yan, òde ni ọ́ìlì ti wá: rọ́bà kọ́bà ni. Tó bá jẹ́ ẹnu ìsàlẹ̀ ló dúdú tó ń yọ̀ fún ọ́ìlì, inú ni ó ti wá: ríìngì písítìnì ti jẹ, tàbí síìlì fáàfù ti gbó. Ìyẹn ni mọ́tò tó ń mu ọ́ìlì, èéfín aláwọ̀ búlúù sì máa ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla, pàápàá àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní nǹkan bí ọdún 1998 sí 2002, lókìkí fún èyí, nítorí ihò wẹ́wẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì wọn máa ń dí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ láì fi púlọ́ọ̀gì hàn yín, ẹ ní kó dúró ná.

Orúkọ méjì tó jọra tún máa ń da owó àwọn èèyàn nù. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣí, ó sì lè di pé wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá irin tẹ́jú. Tí òun bá bàjẹ́, omi rédíétọ̀ á máa gbẹ, tàbí kí ọ́ìlì funfun bí ògì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́bà ni tiwa yìí, òkè pátápátá ló wà, àárọ̀ kan sì tó fún un. Bí wọ́n bá dárúkọ iye owó fún yín lórí fóònù, ẹ bi wọ́n èwo nínú méjèèjì ni.

Bí ihò bá gbẹ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sikánà wò ó. Kóòdù P0300 túmọ̀ sí pé mísì ń ṣí kiri. P0301 dé P0304 ń tọ́ka sí sìlíńdà kan, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni sìlíńdà náà. Ká ní P0302 ló jáde. Ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ gbé kọ́ìlì sìlíńdà 2 lọ sí 3, kí ẹ gbé ti 3 wá sí 2, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ sì wa mọ́tò títí yóò fi tún mísì. Bí kóòdù bá di P0303, kọ́ìlì ló kú, ẹyọ kan péré sì ni ẹ ó rà. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, ẹ ṣe bákan náà fún púlọ́ọ̀gì. Bí kò bá tún yí padà, nọ́sù (ohun tó ń fọ́n epo fún sìlíńdà) tàbí kọ́ńpúrẹ́ṣàn ló kù. Ọ̀nà yìí dára ju kí wọ́n máa fa kọ́ìlì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Iná rẹ̀ lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀, ó sì lè ba kọ́ǹpútà mọ́tò jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí nọ́sù ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé ẹnu sukurudiráfà gígùn lé e, kí ẹ fi etí lé ìdí rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ń dún ká-ká-ká wà láàyè. Èyí tó dákẹ́, ó ti kú tàbí wáyà rẹ̀ já. Ti kọ́ńpúrẹ́ṣàn, gééjì ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. Nínú ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù, nǹkan bí 150 sí 190 psi dára, ṣùgbọ́n bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe bára dọ́gba ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà náà lọ. Bí mẹ́ta bá fún yín ní 170, tí ẹ̀kẹrin fún yín ní 95, wọ́n lè da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú sìlíńdà yẹn kí wọ́n tún un wọ̀n: tó bá gòkè, ríìngì ni, tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Mọ́tò tó dàgbà ju èyí lọ, tó ń lo disiribútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì) àti wáyà púlọ́ọ̀gì, ní àyẹ̀wò tirẹ̀ tí kò ná owó. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lálẹ́ níbi tó ṣókùnkùn, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ìgò afọ́nmi wọ́n omi díẹ̀ bí ìrì sórí àwọn wáyà náà, láì fọwọ́ kàn wọ́n. Iná búlúù wẹ́wẹ́ tó bá ń ta á fi ibi tó la hàn yín. Ìdí kan náà ló ń jẹ́ kí mísì le nígbà òjò.

Wíwá orísun ọ́ìlì

Ọ́ìlì ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn sì ń tì í sẹ́yìn bí mọ́tò ti ń sáré. Ibi tó ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń jò. Ibi tó tutù tó ga jù lọ ni kí ẹ wá. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni: ó máa ń pọ́n bí oyin tàbí kó dúdú, ó sì ń yọ̀. Pupa ni ti gíà ọtomátíìkì àti ti páwà sítíà lọ́pọ̀ ìgbà. Omi tó mọ́ gaara lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síwájú, omi ẹ̀rọ amúlétutù (A/C) ni, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ fi bíróòṣì àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ ibi tó dọ̀tí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ wa mọ́tò ní ọjọ́ kan, kí ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ lè bu pàúdà ọmọdé sí ibi tí ẹ ń fura sí. Ọ́ìlì á fa ìlà sára funfun rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń fọ mọ́tò da omi ẹ̀rọ alágbára bo òkè ẹ́ńjìnnì, inú ihò púlọ́ọ̀gì ló ń dúró sí.

Lẹ́yìn tápẹ́ẹ̀tì kọ́bà, ẹ wo súwíìṣì tó ń wọn agbára ọ́ìlì, ìdí fílítà (nígbà mìíràn rọ́bà fílítà àtijọ́ á lẹ̀ mọ́ irin, wọ́n á sì wé tuntun lé e), àti bóòtì tí wọ́n ń tú láti da ọ́ìlì nù. Nínú 1ZZ-FE, rọ́bà róbótó tó wà nídìí ohun tó ń fa ṣéènì le náà máa ń jò. Rọ́bà kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọmọṣẹ́: tí wọn ò bá ká ẹnu rẹ̀ padà dáadáa kí wọ́n tó dè é, ṣéènì lè fò. Bí ọ́ìlì bá ń jáde láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, síìlì ẹ̀yìn kráńkì ni a ń fura sí, gíábọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀kán méjì lóru, tí mọ́tò náà sì ti gbó, mímáa wo gééjì ọ́ìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju títú u lọ.

Pípààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́bà

Ẹ fi púlọ́ọ̀gì àtijọ́ sílẹ̀ nínú ihò títí iṣẹ́ òkè yóò fi parí, kí ìdọ̀tí má bàa bọ́ sínú sìlíńdà. Bí bóòtì kọ́bà bá tú tán, ẹ fi ọwọ́ gbá etí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fi sukurudiráfà wọ́ ọ á ha irin lára, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa jò lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ fọ kòtò tí rọ́bà ń jókòó sí títí tí ìka yín kò fi ní yọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Rọ́bà tuntun á wọ ibẹ̀ gbígbẹ.

Gọ́ọ̀mù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan á fi yí gbogbo etí kọ́bà ká bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Rọ́bà kò fẹ́ ẹ. Ibi tí ó tọ́ sí kò ju igun tí ìdérí ṣéènì ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì lọ, ìwọ̀n ẹ̀wà kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá pọ̀ jù á ta sínú, á já bọ́ sínú sọ́ńpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á sì lọ dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ́ìlì fà máa ń lọ̀ ara rẹ̀ pa.

Àárín ni a ti ń fún bóòtì bọ̀ sí etí, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Agbára tó fẹ́ kéré, nǹkan bí 10 Nm, ìyẹn ọwọ́ kan lórí sípánà kékeré. Fífún un jù ló ń tẹ kọ́bà tàbí kó já bóòtì. Púlọ́ọ̀gì tuntun, ẹ fi ọwọ́ wé e wọlé títí yóò fi fara kan ìdí, kí ẹ wá fi sípánà yí i ní ìdajì àyíká sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó tán. Ẹ ra èyí tí ìwé mọ́tò dárúkọ: NGK tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí -11 ní àlàfo mílímítà 1.1 lẹ́nu. Bó bá sì jẹ́ kọ́ìlì ni ẹ fẹ́ rà, tòkunbọ̀ ojúlówó tí wọ́n dán wò lójú yín sàn ju tuntun ayédèrú lọ.

Kí ẹ tó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo PCV. Fáàfù kékeré ni, ó sábà máa ń wà lára kọ́bà, òun ni èéfín inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Tó bá dí, èéfín náà á máa gbá jọ nínú, á sì máa ti ọ́ìlì síta níbikíbi tó bá rọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pààrọ̀ lónìí tó tún ń jò lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fura sí i. Ẹ yọ ọ́, ẹ mì í létí: tó bá ń dún ṣaká-ṣaká, ó ń ṣiṣẹ́; tó bá dákẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wọn ọ́ìlì nígbà tí mọ́tò wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Láàárín ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà òkè gééjì, nǹkan bíi lítà kan ni nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Corolla 2003 ń gba bíi lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà tuntun, nítorí náà gálọ́ọ̀nù lítà 4 kò yẹ kó wọlé tán. Tí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn, ẹ má wà á lọ Oǹdó kí ẹ sì ní ẹ ó tún un ṣe tí ẹ bá dé. Epo tí kò jó ń wọnú sàlẹ́ńsà lọ jó níbẹ̀, ó sì ń yọ́ katálíìsì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná àti èéfín díẹ̀ lè máa wá láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Èyí tó ti kán sórí páìpù gbígbóná tẹ́lẹ̀ ló ń jó dànù. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan tí kò dáwọ́ dúró, ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì sí etí kọ́bà.